Kì í Ṣe Àwọn Ọmọbìnrin Tevye Ló Tú Anatevka Ká

Àwọn àgbà ló ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, kò sì sí agboolé tí òwe náà kò wúlò fún. Ṣùgbọ́n gbogbo òwe ló ní ibi tí wọ́n ti ń pa á. Ẹni tó bá pa òwe yìí síbi tí kò yẹ, ẹni tí wọ́n jà lólè ni yóò dá lẹ́bi, yóò sì jẹ́ kí olè máa lọ ní tirẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn láti ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún tí àwọn èèyàn ti ń wo fíìmù tí wọ́n ń pè ní Fiddler on the Roof, ìyẹn Onígòjé Orí Òrùlé, tó jáde lọ́dún 1971.

Abúlé àwọn Júù kan tó ń jẹ́ Anatevka ni fíìmù náà dá lé lórí, lábẹ́ ìjọba Tsar, ọba ilẹ̀ Rọ́ṣíà, lọ́dún 1905. Àròsọ ni Anatevka, ṣùgbọ́n irú abúlé àti ìlú kéékèèké bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ jàra nígbà náà ní ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ukraine, Belarus, Lithuania àti Poland lónìí. Bàbá kan tó ń jẹ́ Tevye ni olórí eré. Wàrà màlúù ló ń fún, òun ló sì ń gbé e kiri ojúlé tà. Ẹṣin rẹ̀ ń tiro, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ló ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ìyàwó rẹ̀ ni Golde, ọmọbìnrin márùn-ún ni wọ́n sì bí. Ní ilẹ̀ tiwọn, ilé ìyàwó ló ń wá owó tí ọmọ yóò gbé lọ sílé ọkọ, kì í ṣe ọkọ ló ń san án. Ẹni tó bá bí ọmọbìnrin márùn-ún tí kò sì lówó lọ́wọ́, ẹrù ńlá ló gbé rù.

Bí àwọn òbí bá wo fíìmù yìí tán, ohun tó sábà máa ń jáde lẹ́nu wọn ni pé ìgbà tí àwọn ọmọ kò ti gbọ́ ti bàbá mọ́ ni abúlé náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Wọ́n á ní ògiri ti lanu, aláǹgbá ló wọlé. Fíìmù náà fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ nínú àṣìṣe yìí. Orin tí wọ́n fi ń yin àṣà ló fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àkọ́bí ṣe tinú rẹ̀, èkejì ṣe tinú rẹ̀, ẹ̀kẹta ṣe èyí tó dun bàbá jù lọ, kó tó wá di pé àṣẹ ìjọba dé, tí gbogbo ìlú sì fọ́n ká. Ẹni tó bá ń gbọ́ tí àkùkọ ń kọ kí ilẹ̀ tó mọ́, ó lè máa rò pé àkùkọ ló ń mú kí ilẹ̀ mọ́.

Ó yẹ kí wọ́n tún ọ̀ràn náà yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì wo ẹni tó ṣe kí ni.

Tzeitel ni àkọ́bí. Yente alárinà gbé ọ̀rọ̀ Lazar Wolf wá fún un. Alápatà ni Lazar Wolf, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó lówó lọ́wọ́, ẹgbẹ́ bàbá ọmọ sì ni. Nígbà tí àwọn ọkùnrin méjèèjì pàdé, Tevye rò pé màlúù òun ni alápatà fẹ́ rà, alápatà sì rò pé ọ̀rọ̀ ọmọ ni wọ́n ń sọ. Wọ́n sọ ọ́ títí kó tó wá yé ara wọn. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n sì mu ọtí sí i. Àṣé Tzeitel ti ṣèlérí fún Motel láti ọjọ́ pípẹ́. Motel yìí, télọ̀ ni, kò sì ní ju abẹ́rẹ́ àti òwú lọ. Ọmọ sunkún, bàbá sì yọ́nú sí i.

Ọgbọ́n tí Tevye fi bọ́ nínú àdéhùn alápatà ló máa ń pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín jù. Àlá irọ́ ló rọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Ó ní ìyá àgbà Golde tó ti kú wá bá àwọn yọ̀ pé Tzeitel fẹ́ fẹ́ télọ̀, àti pé ìyàwó Lazar Wolf tó wà ní sàréè dìde, ó ń lérí pé òun yóò fún ọmọ náà lọ́rùn pa tó bá fi lè tẹsẹ̀ bọ ilé ọkọ òun. Golde kò mọ irú eyí tí wọ́n ń ta fún òun. Òun gan-an ló wá ní kí wọ́n tètè fún télọ̀ lọ́mọ.

Hodel ló tẹ̀ lé e. Perchik ló fẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá láti Kiev, tó ń kọ́ àwọn ọmọ Tevye níwèé, tó sì ń sọ pé ìyà tí àwọn tálákà ń jẹ yóò dópin lọ́jọ́ kan. Àwọn méjèèjì kò tọrọ àyè lọ́wọ́ bàbá, àdúrà rẹ̀ ni wọ́n ní àwọn ń fẹ́. Tevye wò ó lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì, ó bá Ọlọ́run rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀, ó sì fún wọn ní àyè àti àdúrà pọ̀. Nígbà tí ìjọba mú Perchik, tí wọ́n rán an lọ sí ilẹ̀ òtútù Siberia, Hodel kó ẹrù rẹ̀ tẹ̀ lé e. Bàbá rẹ̀ bá a dúró létí ojú irin títí ọkọ̀ fi dé.

Chava ni ẹ̀kẹta. Fyedka, ọmọ Rọ́ṣíà tí kì í ṣe Júù, ló fẹ́, wọ́n sì lọ so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì láìjẹ́ kí àwọn òbí mọ̀. Níbí ni Tevye kò ti rí ibòmíràn wò mọ́. Ó ní kí wọ́n ka ọmọ náà sí ẹni tó ti kú. Chava bẹ̀ ẹ́ títí, kò dáhùn.

Ìtàn ilé nìyẹn. Kí wọ́n wá fi ìtàn ìjọba sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ tí Tevye àti alápatà mu ọtí àdéhùn, tí ọmọ kankan kò tíì ṣe ohunkóhun lójú bàbá, ni ọ̀gá ọlọ́pàá agbègbè náà pe Tevye sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó kí i kú oríire, ó sì tà á lólobó pé àṣẹ ti wá láti òkè pé kí àwọn dá rúgúdù díẹ̀ sílẹ̀ ládùúgbò àwọn Júù. Ọjọ́ ìgbéyàwó Tzeitel ni wọ́n wá ṣe é. Júù ló fẹ́ Júù lọ́jọ́ náà, lábẹ́ ìbòrí tí àṣà wọn là sílẹ̀, rábì wọn sì wà níbẹ̀. Hodel kò tíì lọ Siberia, Chava kò tíì dé ṣọ́ọ̀ṣì. Síbẹ̀, wọ́n dojú tábìlì dé, wọ́n fa ìrọ̀rí ya, wọ́n dáná sun nǹkan, wọ́n sì na Perchik tó fẹ́ dá wọn dúró. Bí àìgbọràn ọmọ bá ni ó fa ìjàǹbá, kí ló fa ti ọjọ́ yẹn?

Nígbà tí àṣẹ pé kí gbogbo wọn kó kúrò láàárín ọjọ́ mẹ́ta dé, kò yọ ẹnì kankan sílẹ̀. Lazar Wolf kò rú àṣà kankan rí, ó di ẹrù rẹ̀. Yente alárinà, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ so àwọn èèyàn pọ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà, di ẹrù rẹ̀. Rábì tó jẹ́ orísun àṣà fúnra rẹ̀ di tirẹ̀. Ìjọba kò béèrè ta ló gbọ́ràn sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n wò ni pé Júù ni wọ́n. Ògiri Anatevka kò lanu o. Ẹni tó lágbára ló gbé òòlù wá, tó sì wó o lulẹ̀.

Ọ̀gá ọlọ́pàá yẹn gan-an ló yẹ kí àwọn tó ń wo fíìmù náà máa rántí ju bí wọ́n ti ń ṣe lọ. Kì í ṣe ìkà ní ojú lásán. Ó mọ Tevye lórúkọ, ó máa ń kí i lójú ọ̀nà, ó sì ń sọ fún un pé èèyàn dáadáa ni. Kò fi taratara gba iṣẹ́ náà, ọ̀gá tirẹ̀ ló wá halẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó ṣe é. Nígbà tó gbé ìwé àṣẹ wá, ohun tó ń sọ kò ju pé iṣẹ́ tí wọ́n rán òun lòun ń jẹ́. Tevye dá a lóhùn pé ilé òun àti ilẹ̀ òun ṣì ni, kó jáde kúrò níbẹ̀. Gbólóhùn yẹn ló gba ìgboyà jù lọ nínú gbogbo fíìmù náà, ẹni tó sì yẹ kó gbọ́ ọ ló sọ ọ́ fún. Ẹni rere tó ń fi ọwọ́ rere ṣiṣẹ́ ibi léwu ju òṣìkà lọ, nítorí kò sẹ́ni tó ń sá fún un.

Eléyìí kì í ṣe àròsọ òǹkọ̀wé. Ọdún 1791 ni ọbabìnrin Catherine ti Rọ́ṣíà ti bẹ̀rẹ̀ sí í pààlà ibi tí àwọn Júù lè gbé àti ibi tí wọn kò gbọdọ̀ gbé. Ààlà náà wà bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 1917. Nígbà tí wọ́n ju bọ́ǹbù pa Tsar Alexander Kejì lọ́dún 1881, wọ́n gbé ẹ̀sùn rẹ̀ ka orí àwọn Júù, ìkọlù sì bẹ̀rẹ̀ káàkiri. Lọ́dún 1882, ìjọba ṣe òfin pé Júù kò gbọdọ̀ lọ tẹ̀dó sí abúlé mọ́, àfi ìlú. Lọ́dún 1891, wọ́n lé wọn kúrò ní Moscow. Lọ́dún 1903, wọ́n pa Júù 49 ní ìlú Kishinev. Ní ọdún 1905 tí fíìmù náà ń sọ, Rọ́ṣíà ti fìdí rẹmi lójú ogun Japan, àwọn òṣìṣẹ́ ń daṣẹ́ sílẹ̀, ìjọba kò sì rí ojútùú sí ẹbi àti ìbínú ará ìlú. Nígbà tí iná ń jó orí òrùlé ọba, àwọn Júù ni wọ́n ní ó ti í bọ̀ ọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ó lé ní 400 Júù tí wọ́n pa ní Odessa nìkan, ní ọ̀pọ̀ ibi sì rèé, ìran ni àwọn ọlọ́pàá ń wò.

Ẹni tó kọ ìtàn Tevye mọ̀ ọ́n, ojú rẹ̀ ló ṣe. Sholem Rabinovich lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Sholem Aleichem, ìyẹn Àlàáfíà fún Yín, ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ọdún 1859 ni wọ́n bí i ní Pereyaslav, ní Ukraine. Ọdún 1894 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn Tevye ní èdè Yiddish tí àwọn Júù ibẹ̀ ń sọ nílé àti lọ́jà. Ó wà ní Kiev nígbà tí wọ́n kọlu àwọn Júù ibẹ̀ lọ́dún 1905, lẹ́yìn náà ló sì kó ìdílé rẹ̀ jáde nílùú. Nígbà tó kú ní New York lọ́dún 1916, àwọn tó tẹ̀ lé òkú rẹ̀ lé ní 100,000. Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé Anatevka tiwọn ni àwọn náà ti sá wá. Bí mílíọ̀nù 2 Júù ló ti ilẹ̀ Yúróòpù apá ìlà-oòrùn wọ Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1881 sí ìgbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan yóò béèrè pé, kí ló dé tí kókó ọ̀rọ̀ yìí fi ń fo àwọn èèyàn ru? Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ bàbá àti ọmọ kò ní ilẹ̀ tí kò sí. Nígbà tí wọ́n gbé eré náà dé Tokyo lọ́dún 1967, lẹ́yìn tó ti gbajúmọ̀ lórí ìtàgé ní New York láti 1964, ará Japan kan bi Joseph Stein tó kọ ọ́ léèrè bóyá ó tiẹ̀ yé àwọn ará Amẹ́ríkà, nítorí ó jọ ti Japan pátápátá. Olúkúlùkù ló ń rí ilé bàbá rẹ̀ níbẹ̀. Norman Jewison tó darí fíìmù náà kì í ṣe Júù rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ jọ ọ́. Ọmọ Kánádà tí wọ́n tọ́ ní ìlànà Kristẹni ni, ó sì jẹ́wọ́ rẹ̀ fún àwọn tó gbé iṣẹ́ náà fún un kó tó bẹ̀rẹ̀. Ohun rere ni pé ìtàn kan wọ ọkàn gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí kálukú bá mú apá ti ilé, tí wọ́n fi apá ti ìjọba sílẹ̀, ìdajì ìtàn ni wọ́n gbọ́.

Eléyìí kò sọ pé Tevye kò ní ìdí fún ìbẹ̀rù rẹ̀. Àwọn tí wọn kò pọ̀, tí wọ́n ń gbé láàárín àwọn tó pọ̀ jù wọ́n lọ tí kò sì fẹ́ràn wọn, bí ọmọ kan bá ti kúrò, àdánù gidi ni. Kò sí ẹni tó lè fi ọ̀ràn náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ọgbọ́n Tevye pọ̀ tó fi rí i pé àṣà lè tẹ̀ kó má ṣẹ́. Ó tẹ̀ fún Tzeitel, kò ṣẹ́. Ó tẹ̀ fún Hodel, kò ṣẹ́. Ibi tó ti fẹsẹ̀ rinlẹ̀ ni ti Chava, bàbá kọ̀ọ̀kan ló sì mọ ibi tí tirẹ̀ yóò ti dúró.

Ohun tó burú níbẹ̀ ni àkókò. Nígbà tí Tevye ń kọ ẹ̀yìn sí Chava, kò mọ̀ pé ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ ló kù tí gbogbo wọn yóò fi wà lójú kan. Nígbà tí Chava àti ọkọ rẹ̀ wá dágbére, wọ́n ní àwọn náà ń lọ, nítorí àwọn kò lè máa gbé láàárín àwọn tó lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ọmọnìkejì wọn. Fyedka, àlejò tí wọ́n ní ó wọlé bí aláǹgbá, kò dúró jẹ nínú ẹrù tí wọ́n kó lọ́wọ́ wọn. Tevye kò yíjú, àfi pé ó sọ̀rọ̀ àdúrà kan lábẹ́lẹ̀, Tzeitel ló sì gbé e sókè kí àbúrò rẹ̀ lè gbọ́. Gbogbo ohun tó kù nínú ìfẹ́ bàbá àti ọmọ nìyẹn. Ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n wà nínú ọ́fíìsì rẹ̀, àwọn tó jẹ ìyà pọ̀ wá ń ṣe bí ọ̀tá ara wọn.

Fíìmù náà ní àléébù tirẹ̀. Ó dùn jù. Oswald Morris tó ya àwòrán rẹ̀ fi ìbọ̀sẹ̀ obìnrin bo ojú kámẹ́rà kí gbogbo nǹkan lè ní àwọ̀ ilẹ̀, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar nítorí rẹ̀. Ó lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó mú kí òṣì náà jọ ohun tí èèyàn lè máa ṣe àárò rẹ̀. Ìtàn tí Sholem Aleichem kọ korò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú tirẹ̀, Golde kú, Motel kú, ọmọ kẹrin sì sọ ara rẹ̀ sínú omi. Èyí tó yẹ kí àwọn òbí mọ̀ jù ni pé nínú ìtàn ti ìwé, Chava padà wá bá bàbá rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n lé wọn jáde. Ẹni tó fẹ́ fi Tevye ṣe àpẹẹrẹ bàbá tí kì í yẹhùn, kó kọ́kọ́ mọ ìyẹn.

Ohun kan sì wà tí fíìmù náà kò sọ, tí ẹni tó bá mọ ìtàn kò lè ṣe kó má rántí. Nígbà tí wọ́n ń pínyà, Tevye àti Golde kọrí sí Amẹ́ríkà, Yente ní Jerúsálẹ́mù lòun ń lọ. Tzeitel àti Motel ní kí àwọn ṣì dúró ní Poland ná títí owó ọkọ̀ yóò fi pé, Chava àti Fyedka sì ń lọ sí Krakow. Poland ni Hitler ya wọ̀ lọ́dún 1939. Nínú Júù tó lé ní mílíọ̀nù 3 tó wà níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni wọ́n pa kí ogun náà tó parí. Ọmọ tó gbọ́ràn àti ọmọ tí kò gbọ́ràn, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n forí lé. Àwọn tó ń sọ èdè Yiddish lé ní mílíọ̀nù 10 kí ogun náà tó dé. Àwọn tó pọ̀ jù nínú mílíọ̀nù 6 Júù tí wọ́n pa ló ń sọ ọ́, kò sì padà sí bó ti wà mọ́.

Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ àtijọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2015, lẹ́yìn tí ogun ti bẹ́ sílẹ̀ ní apá ìlà-oòrùn Ukraine, rábì kan kọ́ ibùdó fún àwọn Júù tó sá kúrò níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kyiv. Anatevka ló sọ ọ́, nítorí fíìmù yìí. Nígbà tí ọmọ ogun Rọ́ṣíà ya bo agbègbè Kyiv ní oṣù Kejì ọdún 2022, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀ tún di ẹrù wọn. Ní ti àwọn tó ṣe fíìmù náà, Topol tó ṣe Tevye kú lọ́dún 2023, Jewison tẹ̀ lé e lọ́dún 2024. Wọ́n pẹ́ láyé débi tí wọ́n fi rí i pé abúlé tí àwọn fi eré ṣe ti di ibùdó gidi, tí àwọn tó wà níbẹ̀ sì tún ti sá.

Nítorí náà, kí àwọn òbí wo fíìmù náà, kí wọ́n sì mú ọmọ wọn wò ó pọ̀. Kí wọ́n bá wọn jiyàn lórí Tzeitel, Hodel àti Chava bó ti wù wọ́n. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má parí ìjíròrò láìdárúkọ ẹni tó kọ ìwé àṣẹ ọjọ́ mẹ́ta náà àti ẹni tó gbà láti jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Àgbà tó ń ṣọ́ ọmọ rẹ̀ nìkan, tí kò ṣọ́ ọ̀nà tí ìjọba ń gbà bọ̀, yóò bá ọmọ jà títí, ilé yóò sì wó lé òun àti ọmọ lórí.